Tírélà tó kọ̀ tí kò tú: bí a ṣe ń yọ orí kúrò lára ẹ̀yìn láìgbé hámà

Bí orí tírélà, níbi tí ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀ wà, bá kọ̀ tí kò kúrò lára ẹ̀yìn tó ń gbé ẹrù, háńdù tó ń tú ìdè wọn ni gbogbo ènìyàn máa ń bá jà. Mọ́tò-bọ́ì á fà á títí, awakọ̀ á sọ̀kalẹ̀ wá bá a fà á, ẹnìkan á gbé páìpù wá, hámà á sì tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lára ọ̀pọ̀ tírélà tó kọ̀ tí kò tú, kò sí ohun tó ṣe háńdù. Ìwúwo ló fún ẹnu irin tí háńdù fẹ́ ṣí. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwúwo yẹn kúrò níbẹ̀, ọwọ́ kan á fa háńdù jáde. Bí ẹ kò bá gbà á kúrò, agbára ọkùnrin mẹ́fà lè má tó o, bí ó bá sì tó o, á jẹ́ pé nǹkan kan ti tẹ̀ tàbí ti ṣẹ́ nìyẹn.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni àwọn tó ń já ẹrù òkè Ọya ní Ṣáṣà lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, àwọn tó ń kó òkúta fífọ́ kiri Àkúrẹ́, àwọn tó ń kó kòkó láti Ìdànrè àti Oǹdó lọ sí Èkó, àti ẹni tó kàn ní jẹnẹrétọ̀ orí táyà tó ń fi jíìpù fà lọ sí òde ìnáwó. Tírélà ńlá ni màá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń pa ènìyàn. Ti jíìpù àti ti tírákítọ̀ wà nísàlẹ̀.

Bí ìdè náà ṣe rí

Irin pẹrẹsẹ ńlá kan wà lẹ́yìn orí tírélà, tí gíríìsì máa ń bo ojú rẹ̀. Tọ́ọ̀ntébù là ń pè é. Lábẹ́ imú ẹ̀yìn tírélà, irin róbótó kan yọ sísàlẹ̀, òun ni kíǹgípíìnì. Lára ọ̀pọ̀ tírélà tí ẹ ń rí lójú títì, ọrùn kíǹgípíìnì fẹ̀ tó íǹṣì 2, ìyẹn 50.8 mm. Ti àwọn lóbẹ́ẹ̀dì tó ń gbé katapílà lè tó íǹṣì mẹ́ta ààbọ̀. Bí orí bá rífáàsì wọ abẹ́ ẹ̀yìn, kíǹgípíìnì á wọ inú àlàfo tọ́ọ̀ntébù, ẹnu irin á pa dé mọ́ ọn lọ́rùn, irin mìíràn á sì ti ẹnu náà kí ó má baà ṣí fúnra rẹ̀. Háńdù tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń tú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí orí bá ń fa ẹ̀yìn lọ, ara ẹnu irin yẹn ni kíǹgípíìnì ń gbára lé. Bí awakọ̀ bá wá fa bíréèkì ọwọ́ nígbà tí orí ṣì ń fa ẹ̀yìn, tàbí tó páàkì síbi tí imú ọkọ̀ kọjú sókè, ẹ̀yìn pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀ á máa fa kíǹgípíìnì mọ́ ẹnu náà ní gbogbo àsìkò tí ọkọ̀ fi dúró. Irin tó ti ẹnu yẹn kò ní ráyè yẹ̀. Ilẹ̀ Àkúrẹ́ kì í sì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ̀yin náà mọ̀: ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ rò pé ó tẹ́jú, bí ẹ bá da omi síbẹ̀, yóò ṣàn lọ síbì kan.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan háńdù

Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó sì le. Ẹ fa ọkọ̀ kí orí àti ẹ̀yìn wà lójú ìlà kan náà, nítorí bí orí bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kíǹgípíìnì lè fún ẹnu náà láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ojú títì ni ọkọ̀ kú sí, sí-kọ́ṣọ̀n ni ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú àti sẹ́yìn, ní ibi tó jìnnà tó kí ẹni tó ń sáré bọ̀ lè rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ewé tútù nìkan kò tó, pàápàá lálẹ́. Bí ọkọ̀ bá dí ọ̀nà, nọ́ńbà 122 ni ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Lẹ́yìn náà, wẹ́ẹ̀jì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé bí wọ́n bá ti yọ họ́ọ̀sì pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti orí lọ sí ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ti di mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé bí afẹ́fẹ́ họ́ọ̀sì pupa bá ti lọ, bíréèkì ẹ̀yìn máa ń di fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dì í mú kò rí bákan náà lára gbogbo ẹ̀yìn. Èyí tí sípíríǹgì bá ń di bíréèkì rẹ̀, yóò dúró bẹ́ẹ̀. Èyí tó jẹ́ afẹ́fẹ́ inú táǹkì rẹ̀ nìkan ló ń dì í, bí afẹ́fẹ́ yẹn bá ń jò díẹ̀díẹ̀, bíréèkì á tú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi wẹ́ẹ̀jì sí táyà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì, níwájú àti lẹ́yìn. Igi líle tí káfíńtà gé ní ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló dára jù. Òkúta róbótó máa ń yí, búlọ́ọ̀kù sì máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sáàárín orí àti ẹ̀yìn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí awakọ̀ sì wà lórí àga. Ẹni tó ń fa háńdù kò gbọdọ̀ na ẹsẹ̀ síwájú táyà ẹ̀yìn orí.

Bí a ṣe ń tú u

1. Ẹ di bíréèkì ẹ̀yìn nìkan, kí ti orí ṣì wà ní títú. Nínú Mack ti Amẹ́ríkà, bọ́tìnnì pupa tó wà níwájú awakọ̀ ló ń ṣe èyí. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn tó wá láti Yúróòpù, bọ́tìnnì pupa wà lára ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, síta la sì ń fà á.

2. Ẹ fi gíà rífáàsì rọra ti orí sẹ́yìn títí yóò fi kan kíǹgípíìnì. Kì í ṣe kí ẹ gbá a. Nígbà tí ẹ bá mọ̀ pé orí ń ti ẹ̀yìn, tí ẹ̀yìn sì kọ̀ tí kò lọ, ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti máa fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ ló ń rífáàsì dáadáa, àmọ́ wọ́n á tú ẹsẹ̀ kí bíréèkì tó dì, orí á yọ́ padà síwájú díẹ̀, ìwúwo á sì tún padà sórí ẹnu irin. Wọ́n á wá ní àwọn ti rífáàsì, kò ṣiṣẹ́.

3. Ẹ sọ ẹsẹ̀ tírélà kalẹ̀, ìyẹn irin méjì tó ń gbé imú ẹ̀yìn dúró bí orí bá lọ. Gíà tó yá ni kí ẹ fi sọ ọ́ títí yóò fi kanlẹ̀, kí ẹ wá bọ́ sí gíà tó lọ́ra, kí ẹ yí i díẹ̀ sí i bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé imú ẹ̀yìn kúrò lórí tọ́ọ̀ntébù. Nígbà òjò, tàbí níbi tí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ pupa sí láìpẹ́, ẹ fi pákó nínípọn tàbí irin pẹrẹsẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ẹsẹ̀ kan bá rì, ẹ̀yìn á fẹ̀gbẹ́ tì, èyí tó wá ń kọ̀ lónìí á di èyí tó ṣubú.

4. Ẹ yọ họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ àti wáyà iná, kí ẹ gbé wọn kọ́ síbi tí kò ti ní fa nǹkan já.

5. Ẹ wá bá háńdù wí. Lára ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ntébù, irin kékeré kan wà tó ń dá háńdù dúró. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé e sókè, tàbí kí ẹ ti háńdù síwájú díẹ̀, kí ó tó ṣe é fà síta. Ẹ lo irin gígùn oníkọ̀ọ́, kí ẹ má baà na ara wọ abẹ́ ọkọ̀. Háńdù tó bá jáde dáadáa yóò dúró síta fúnra rẹ̀.

6. Bí orí bá ń lo báàgì afẹ́fẹ́ dípò sípíríǹgì, ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí orí sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá rọra lọ síwájú. Ẹ dúró nígbà tí ìdí orí ṣì wà lábẹ́ imú ẹ̀yìn, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ wò ó bóyá ẹsẹ̀ gbé ẹrù náà dúró dáadáa. Bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ tẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, orí ṣì wà níbẹ̀ tí yóò gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa lọ.

Bí ó bá ṣì kọ̀, ọwọ́ yín ni kí ẹ bi

Bí háńdù ṣe ń ṣe lọ́wọ́ yín ló máa sọ ibi tí àrùn wà.

Bí kò bá mì rárá, bí ẹni ń fa ògiri, ìwúwo ṣì wà lórí ẹnu irin, tàbí kí irin kékeré yẹn ṣì di háńdù mú. Ẹ wo irin kékeré ná, ó rọrùn. Kí ẹ wá tún ìgbésẹ̀ kejì ṣe. Bí rífáàsì kò bá ràn yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbìyànjú òdì kejì: ẹ fa orí síwájú ní ìwọ̀nba, kí ẹ di bíréèkì, kí ẹ tún háńdù fà. Lẹ́yìn èyí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sáàárín tọ́ọ̀ntébù àti imú ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ kọjá sí òdìkejì, ẹsẹ̀ ti gbé ẹ̀yìn ga jù, orí kíǹgípíìnì ti há mọ́ ẹnu irin láti ìsàlẹ̀. Ẹ yí ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí imú yóò fi jókòó. Èyí wọ́pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, pàápàá níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti gbé ẹ̀yìn náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí ó bá wá díẹ̀, tó sì dúró, ìdọ̀tí ni ẹ kọ́kọ́ máa fura sí. Gíríìsì tó ti pẹ́, tí eruku ọyẹ́ àti eruku ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ti pò mọ́, máa ń le bí amọ̀ gbígbẹ. Ẹ fún dísù tàbí ọ́ìlì tó ń wọ inú ìdógùn-ún sí ìdí háńdù àti àlàfo ẹnu irin láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ ti orí sẹ́yìn síwájú níwọ̀nba, kí ẹ tún fà á. Ẹ má lo bẹntiróò: ooru ẹ́ńjìnnì àti iná wáyà wà nítòsí. Bí ibi tó ti ń dúró bá jẹ́ ibì kan náà nígbà gbogbo, tó sì dàbí pé ó há mọ́ irin, ẹ wo ọ̀pá háńdù fúnra rẹ̀. Bí nǹkan bá ti gbá a tẹ̀, kò sí ìwẹ̀ tó lè tò ó. Ẹ tú u sílẹ̀ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni kí háńdù jáde tán, kí orí wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kí ẹ̀yìn sì máa tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ bíréèkì lójú ẹsẹ̀. Ẹnu náà kò ṣí tán, bí ẹ bá sì fà á ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí i, ẹsẹ̀ tírélà á wó. Ẹ ti orí padà, ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ pe mẹkáníìkì tó mọ tọ́ọ̀ntébù. Ó lè jẹ́ sípíríǹgì ló já, ó lè jẹ́ ẹnu irin ló ya, ó sì lè jẹ́ kíǹgípíìnì ló ti jẹ débi pé ó ní ihò tí ẹnu irin ń há sí.

Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí mẹkáníìkì kan fún tọ́ọ̀ntébù tán ni ìyọnu bẹ̀rẹ̀, ẹ padà lọ bá bóòtù tó fún. Orí tó ń gbọ̀n nígbà tí a bá ń tẹ bíréèkì ló máa ń mú wọn fún un, wọ́n a sì máa fún un jù.

Hámà, páìpù àti gáàsì

Ẹ gbá háńdù ní hámà, ẹ ó tẹ ọ̀pá rẹ̀. Ẹ fi páìpù gùn ún kí ó lè lágbára, bí ó bá tú lójijì, páìpù á gbá ẹni tó dì í mú ní àyà. Èmi kò fara mọ́ méjèèjì, àgàgà nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kejì ni wọn kò ṣe dáadáa.

Ti gáàsì tí wẹ́dà fi ń jó irin, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀: ẹ má gbé e sún mọ́ tánkà. Tánkà tí epo ti tán nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí oru epo tó dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ló ń bú gbàù. Tírélà tí kì í ṣe tánkà pàápàá, irin tí wọ́n fi iná sè kí ó le ni kíǹgípíìnì. Bí wẹ́dà bá mú un gbóná tàbí tó jó nǹkan mọ́ ọn, ó ti di ẹlẹgẹ́. Kíǹgípíìnì tó bá tẹ̀, pípààrọ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ẹ má sì wọ abẹ́ ẹ̀yìn tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló gbé e dúró.

Lẹ́yìn tí ó bá tú

Ọjọ́ tí orí àti ẹ̀yìn pínyà ni ọjọ́ ìwẹ̀. Ẹ fi irin pẹrẹsẹ ha gíríìsì àtijọ́ kúrò lójú tọ́ọ̀ntébù àti nínú ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi dísù fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Ìgbà yìí lẹ ó rí ibi tó bá ya. Ẹ fi kálípà wọn ọrùn kíǹgípíìnì láti iwájú sẹ́yìn àti láti ọ̀tún sósì; bí méjèèjì bá yàtọ̀ síra, ó ti jẹ sápá kan. Ẹ wá fi gíríìsì tuntun sí ojú tọ́ọ̀ntébù àti inú ẹnu irin. Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tí àwọn kan ń dà síbẹ̀ kò wúlò: yóò ṣàn lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ ìyókù ni yóò wà níbẹ̀ tí yóò máa yún irin.

Nígbà tí ẹ bá tún wọ orí mọ́ ẹ̀yìn, ẹ gbọ́ kẹ̀rẹ̀ tó dún, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn, kí ẹ rí i pé ọrùn kíǹgípíìnì ni ẹnu irin dì mú, kì í ṣe orí rẹ̀. Kí bíréèkì ẹ̀yìn ṣì wà ní dídì, kí ẹ fa orí síwájú díẹ̀ láti dán an wò, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ tírélà nílẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn jíìpù

Bọ́ọ̀lù irin ló wà lẹ́yìn jíìpù, ago irin lára ohun tí ẹ ń fà ló ń bò ó. Èyí ní ìyọnu kan tí tírélà ńlá kò ní, àwa tó ń ra tòkunbọ̀ ló sì ń bá jù. Bọ́ọ̀lù tó wọ́pọ̀ lára jíìpù Amẹ́ríkà jẹ́ íǹṣì 2, ìyẹn 50.8 mm. Ti Yúróòpù jẹ́ 50 mm. Bí jíìpù yín bá ti Amẹ́ríkà wá, tí jẹnẹrétọ̀ sì ti Yúróòpù wá, bọ́ọ̀lù fi díẹ̀ tóbi ju ago lọ. Ó lè wọ̀ bí ẹ bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ jáde. Wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà sórí bọ́ọ̀lù àti sára ago. Ẹ ha ìdógùn-ún kúrò kí ẹ kà á. Bọ́ọ̀lù ni kí ẹ pààrọ̀, kì í ṣe ago ni kí ẹ lù kí ó fẹ̀. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan tún wà tó kéré, 47.6 mm, ìyẹn kì í há, fífò jáde lójú ọ̀nà ni tirẹ̀.

Bí ìwọ̀n bá bára mu tó sì ṣì kọ̀, ọ̀rọ̀ ìwúwo náà ni. Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì sí táyà jẹnẹrétọ̀, ẹ sún jíìpù síwájú tàbí sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìka kan, kí ẹ gbé háńdù ago sókè, kí ẹ wá yí táyà kékeré iwájú láti gbé imú rẹ̀ sókè. Ẹ máa wo ìdí jíìpù bí ẹ ṣe ń yí i. Bí ìdí jíìpù bá ń bá a gòkè, ẹnu ago kò tíì ṣí, ẹ dúró, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ó bá já lójijì nígbà yẹn, jíìpù á jábọ́, ago á sì fò sókè sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Lára àwọn ago Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀tì kan wà nísàlẹ̀ tó ń fún ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un jù, ẹ tú u díẹ̀.

Ẹ fi sáńpépà pa bọ́ọ̀lù tó ti dógùn-ún, kí ẹ fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún. Àmọ́ bí páàdì bá wà nínú ago tó ń di bọ́ọ̀lù mú kí ohun tí ẹ ń fà má baà máa fì, ẹ má fi gíríìsì kankan sí i. Gbígbẹ ló fi ń ṣiṣẹ́.

Tírákítọ̀ oko

Píìnì lásán ló so tírélà oko mọ́ tírákítọ̀, kò sì sí ohun tó máa ń dì í ju pé ó há láàárín irin méjì lọ. Ẹni kan lórí tírákítọ̀ kí ó máa sún un sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ó dúró pátápátá, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkejì tó wọlé lọ yí píìnì náà lọ́wọ́ kí ó sì fà á. Bí kò bá yí, kí ẹnìkejì jáde, kí wọ́n tún un sún. Bí ó bá jẹ́ bóòtù ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni wọ́n fi rọ́pò píìnì, tí ara rẹ̀ ní ìlà yíyí tí nọ́ọ̀tì máa ń gbà wọ̀ ọ́, ìlà yẹn gan-an ló ń gé irin tó sì ń há sí i. Ẹ lọ ra píìnì tí ara rẹ̀ dán, kí ẹ fi ṣéènì kékeré so ó mọ́ tírákítọ̀ kí ó má baà sọnù sóko.